Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ohun kékeré láàyè nínú ìwé ìròyìn yín

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Adátán níbí ní Abẹ́òkúta, a kì í sì í pa ìwé ìròyìn yín jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń kà á sókè, àwa tó kù á máa wa mọṣíìnì wa lọ, tó bá dé ibi tó dùn a ó dáwọ́ dúró. Lẹ́tà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló mú èmi náà gbé bírò. Ó ní òun ti jáde yunifásítì, òun wá iṣẹ́ wá iṣẹ́, òun wá físà, pàbó ló já sí, ó wá ní kò sóhun tó lè mú inú ọmọlúàbí dùn mọ́ ní Nàìjíríà yìí, pé ẹni tó bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, á jẹ́ pé tọ̀hún ò tíì gbọ́ ohun tó ń lọ ni. Nígbà tí ọmọ tó ń kà á parí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára títí mo fi délé.

Ọmọ mi, mi ò ní bá ẹ jiyàn pé nǹkan ò le. Ó le. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀, owó òwú, owó síìpù, owó epo tí à ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ tí NEPA bá mú iná lọ, kò sí èyí tó dúró síbi tó wà. Oníbàárà tó máa ń rán ìró àti bùbá tuntun fún Iléyá, aṣọ àtijọ́ ló ń gbé wá báyìí pé ká bá òun tú u níbi ìbàdí, ká fi àgékù aṣọ lé e. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá àwọn ọmọ mi kì í dé lásìkò, tó bá sì dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń tán. Ẹ má rò pé orí ìtura ni mo jókòó lé tí mo fi ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Ohun tí mo rí ni pé ayọ̀ tí èèyàn bá gbé lé físà, tó gbé lé ìbò, tó gbé lé iṣẹ́ ìjọba, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa fún un, ó sì lè wù wọ́n kí wọ́n má fún un rárá. Èyí tó wà nínú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó yí wa ká, ọwọ́ tiwa ló wà, kò dúró de ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó ń fẹ́ ojú tó ń wò, ojú yẹn gan-an ló wá ṣòro fún wa. Èèyàn ò tíì fọ ẹnu láàárọ̀ tó ti ṣí WhatsApp, wọ́n ti jí ẹni báyìí gbé ní ibi báyìí, ọkọ̀ ti dànù, dọ́là ti wọ́n sí i, ká tó kí ẹni tó sùn tì wá pé ẹ káàárọ̀, ọkàn ti pòrúurùu. Aláàkàrà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ti dá iná láti ìdájí, òórùn àkàrà ẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, torí fóònù ló wà lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí. Ìyá kan wà ní Kẹ́mta tó máa ń bá mi pa àdìrẹ láró, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi iyẹ́ adìẹ ya ọnà sí. Láfún tí àwa Ẹ̀gbá ń rò jẹ náà ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù láti fi ya ọnà yẹn, ibi tí ẹ̀kọ láfún yìí bá wà aró ò ní ráyè débẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń funfun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pa aró ní Ìtòkú àti Kẹ́mta ti bọ́ sórí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì torí ó yá, mi ò bá wọn wí, ọjà ló ń lé wọn. Ìyá yìí ṣì ń lo ẹ̀lú fún ẹni tó bá béèrè. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò ńlá títí á fi kan, òórùn ẹ̀ á ti máa kí èèyàn láti ìta.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba aṣọ, ó ní kí n dúró díẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó fa aṣọ kan jáde. Kì í ṣe búlúù o. Ó rí bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó tún pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó tẹ́ ẹ sórí igi lẹ́nu ìkòkò, omi ẹ̀ ń ro tó, tó, tó, atẹ́gùn wá kàn án, ojú wa báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, etí aṣọ ló kọ́kọ́ yí padà, ó ń wọ àárín lọ, a ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí gbogbo ẹ̀ fi di aró. Inú ìkòkò yẹn, atẹ́gùn ò sí níbẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó hàn, ìgbà tó bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i ni àwọ̀ ẹ̀ tó ń yọ. Á tún rì í padà, á tún fà á jáde, títí á fi dú bó ṣe fẹ́. Ìyá yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tó wà lọ́mọge, ìyá tiẹ̀ ló kọ́ ọ, síbẹ̀ ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó. Mo ní, "Ìyá, ṣé èyí ò tíì sú yín ni?" Ó ní, "Sú mi kẹ̀? Ṣé ìwọ náà ò wò ó ni?"

Owó kankan ò wọlé fún un nínú wíwò yẹn. Àmọ́ obìnrin tó bá ṣì lè dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí gbèsè àti ẹ̀yìn dídùn ò tíì gba ojú yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, èmi gbà pé onítọ̀hún ní nǹkan. Gbígbẹ ni àdìrẹ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀bù. Nísinsìnyí tí mo bá ti ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, mo ń rántí bó ṣe yí padà létí ìkòkò, mo sì ń fara balẹ̀ gé e.

Ìgbà tí mo ti Kẹ́mta dé ni mo dá nǹkan kan sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ká tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ nǹkan rere kan tó fojú ara ẹ̀ rí lọ́jọ́ yẹn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti inú fóònù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sọ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ọ̀kan ní, "Mọ́mì, mo rí ìrẹsì." Mo ní ó dáa, irú ìrẹsì wo? Ó ní ọ̀fadà, tí wọ́n fi ewé wé. Ta ló ń tà á? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyá kan ní Kútọ̀, pé ọmọ iléèwé kan wá rà, owó ẹ̀ ò pé, ìyá yẹn wo ojú ọmọ náà, ó bù ú kún bó ṣe ń bù fún ẹni tówó ẹ̀ pé, kò sì sọ nǹkan kan tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà á fi mọ̀. Gbogbo wa dákẹ́, a ń gbọ́.

Nígbà tó yá wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń wá tiwọn kiri. Ọ̀kan rí kọ̀ńdọ́ tó sáré tẹ̀ lé obìnrin kan ní Làfẹ́nwá torí pé ó gbàgbé ṣéńjì ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣéńjì ṣe ń dìjà nínú ọkọ̀. Òmíì rí bàbá méjì tó jókòó sábẹ́ igi ní Ṣápọ́n, ojú ọ̀kan ò ríran dáadáa mọ́, èkejì ń ka ìwé ìròyìn sí i létí, ìwé ìròyìn yín ni o. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu ẹ̀, síìpù ló máa ń fún un ní wàhálà, tó bá rán an á wọ́ sápá kan, màá ní kó tú u, á tún un rán, á tún wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó kàn án, ó ní ohun tóun rí lónìí ni pé síìpù òun ò wọ́. Mo gba kaba náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fà á sókè, mo fà á wálẹ̀, kò kọ́ níbì kankan, ojú rírán ẹ̀ lọ tààrà láti ọrùn dé ìdí. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ yẹn, alámúlétì wa tó ń ta páìpù sáré jáde pé kí ló dé. Ọmọ náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ lẹ́tà, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ọmọ yẹn gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ ní ìlú, kò sí ìròyìn burúkú kan tí kò dé etí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń jẹ́ kí àwọn olóṣèlú gùn wá lórí, pé ẹni tí inú ẹ̀ bá ti ń dùn sí síìpù ò ní béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀. Mi ò gbà. Abẹ́òkúta níbí gan-an ni ẹ̀rí mi. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, àwọn obìnrin ọjà tí ò mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Béère, àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tó wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀. A, B, D ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Ìyá ọlọ́jà tó ti dàgbà, tó wá mọ orúkọ ara ẹ̀ kọ lọ́jọ́ kan, ta ni ó máa ka ìyẹn sí nǹkan lójú ìjọba òyìnbó ìgbà yẹn? Inú kíkọ́ ìwé yẹn ni àwọn ọlọ́jà ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lọ́nà àìtọ́, bí owó orí ṣe ń pa wọ́n lára, àwọn ọ̀mọ̀wé gbọ́, ẹgbẹ́ yẹn sì di ti gbogbo obìnrin ìlú. Àwọn ló kóra jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ sí ààfin ní Aké, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn ò lọ, títí ìjọba fi dá owó orí àwọn obìnrin dúró, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 kó tó padà wá lẹ́yìn náà. Èèyàn tí ò bá rí ohun rere kankan nínú ara ẹ̀ àti nínú ọmọnìkejì ẹ̀, kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ jà?

Tó bá sì jẹ́ ti ìgbà tó le ju èyí lọ, ẹ gun Olúmọ. Àwọn tó ń mú àlejò yíká á fi àwọn ojú ihò kan hàn yín lára àpáta, wọ́n á ní ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa tó sá àsálà wá lábẹ́ òkúta yẹn, ní nǹkan bíi 1830, ti ń lọ ata àti nǹkan jíjẹ. Ogun lé wọn dé bẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n á rí ọjọ́ kejì, ẹnì kan sì jókòó ó ń lọ ata. Ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn gan-an ni, ó ju ti àwọn jagunjagun lọ. Ó ṣì fẹ́ kí ọbẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ìlú wa yìí ni ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá tẹ̀ ti jáde, ní 1859, Henry Townsend òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló dá a sílẹ̀. Ta ni àlùfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ta ló ti rìnrìn àjò, ta ni wọ́n fi jẹ àlùfáà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀ dáadáa, wọn ò ní ó kéré jù láti tẹ̀. Ẹ bá wa yọ igun kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní láti tóbi, kí àwọn èèyàn máa kọ ohun rere tí wọ́n fojú ara wọn rí ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ṣókí. Ẹ má gba ti olóṣèlú tó pín ìrẹsì o, ìyẹn ti ní àyè tiẹ̀. Ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, tó bá yá ẹ máa rí i pé lẹ́tà á pọ̀ ju àyè tí ẹ ní lọ.

Ọmọ tó kọ lẹ́tà yẹn, tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta lo wà, mi ò níṣẹ́ tí mo lè fún ẹ, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ tó o bá dé Adátán nírọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ká tó tilẹ̀kùn, béèrè ìyá aránṣọ, wọ́n á júwe fún ẹ. Àga kan á ṣẹ́kù. Wá pẹ̀lú tìẹ, kó o sì wá gbọ́ tiwa.

Mo ti fi díẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ sínú ẹnfilóòpù yìí fún yín kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹnu wọn ṣe sọ ọ́, àmì ohùn ò pé lórí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún un ṣe. Èyí tó jẹ́ ti síìpù, ọmọ náà ní ẹ lè gbé e jáde, kí ẹ má ṣáà dárúkọ òun.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Adátán, Abẹ́òkúta.