Bọ́lá, ọ̀rọ̀ rìkọ́dà àti ohùn Màámi

Àkúrẹ́, Sátidé

Bọ́lá mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù Manchester yẹn ò tíì mú ẹ gbàgbé wa? Mo fẹ́ dúró dìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ kí n tó kọ̀wé sí ẹ àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé pamọ́ mọ́. Ohùn Màámi ń lọ. Má jáyà o, wọn ò dùbúlẹ̀ àìsàn, dókítà ní kí wọ́n sinmi ọ̀fun, kí wọ́n dín ariwo kù, ó sì ti ń sàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá gbogbo àdúgbò wí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọrin, ibi òkè yẹn, ibi tí wọ́n máa ń gbé e dé tí gbogbo wa á dákẹ́, wọn ò dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n á yà á gba ìsàlẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo gbọ́ ọ, àwọn ìyá ẹgbẹ́ orin wọn náà gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, wọ́n kàn tètè gbè é kó má bàa hàn.

Kí n yára kó ìròyìn tó kù dà sílẹ̀: ìyàwó Káyọ̀dé ti bímọ, obìnrin ni, wọ́n gé igi máńgòrò iwájú ilé yín torí wáyà iná, àbúrò mi ti wọ yunifásítì FUTA, Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti fẹ́ ẹni tá a ní kò ní fẹ́. Ó tán. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, màá pè ẹ́ sọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé mo kọ́kọ́ kó àwọn ìyá wá sí stúdíò kan níbí l'Ákùúrẹ́ láti gba orin wọn sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà lò, àmọ́ bó ṣe ń gbohùn sílẹ̀ fáwọn ọmọ tó ń kọ hip-hop ló fẹ́ ṣe é fáwọn ìyá. Ó ní kí Màámi nìkan wọ yàrá kékeré yẹn, ó fi hẹdifóònù sí wọn létí, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé nǹkan tó ń dún kọ́ kọ́ kọ́, tí wọ́n bá ṣe tán àwọn elégbè á wá wọlé wá gbè é, lẹ́yìn ìyẹn agogo. Màámi kọrin díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n yọ nǹkan náà kúrò létí, wọ́n ní, "Ta ni mo ń kọ ọ́ sí? Ta ló ń dá mi lóhùn?" Bọ́lá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Orin Ọbitun, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Oǹdó yìí, kì í ṣe orin tí èèyàn ń dá kọ síwájú ògiri. Ẹni tó ń dá orin ń wojú àwọn elégbè, tí wọ́n bá gbè é tó dùn á fa ẹsẹ̀ tó kàn gùn, tó bá rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n á gé e kúrú á bọ́ sí òmíràn. Agogo gan-an kì í dúró sójú kan, tí ijó bá gbóná á sáré díẹ̀. Tó o bá yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó o wá fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n pọ̀, orin ti kúrò níbẹ̀. Inú bí mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi fúnra mi ni máa gbà á sílẹ̀, l'Óndó, nínú pálọ̀ Màámi, kí gbogbo wọn jókòó yí ara wọn ká. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá rìkọ́dà tó ń gba tíráàkì púpọ̀, ìyẹn tó ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sí ojú tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó ṣeé gbé dání yẹn. Èèyàn kàn ń rò pé ilé ńlá onígíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe orin gidi, bẹ́ẹ̀ ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ TASCAM ti gbé rìkọ́dà Portastudio 144 jáde, tíráàkì mẹ́rin lórí kásẹ́ẹ̀tì lásán, irú kásẹ́ẹ̀tì tá a fi ń gbọ́ orin wéré nígbà yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982, olórin kan, Bruce Springsteen, jókòó sílé ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, ó fi ọ̀kan gba orin sílẹ̀ pé káwọn onílù òun lè gbọ́ bó ṣe rí, nígbà tí wọ́n lọ tún un ṣe ní stúdíò ńlá kò dùn tó ti ilé, ti ilé yẹn náà ni wọ́n wá gbé jáde. Mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n ní oyìnbó náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa yá mi ní TASCAM DP-008EX tiẹ̀ kí n fi dánra wò. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kékeré ni, bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, tíráàkì mẹ́jọ ló ní, kálukú tíráàkì sì ní kókó tiẹ̀ tó o máa yí, kò sí pé ò ń wá nǹkan kiri lójú ẹ̀rọ. Mo fi gba gìtá, mo gba béèsì lé e, mo kọrin sí i, mo gbè é fúnra mi, ó dùn. Fún ẹni tó ń dá nǹkan ẹ̀ ṣe nínú yàrá, mi ò rò pé ó yẹ kó wá nǹkan míì. Àmọ́ tíráàkì mẹ́jọ yẹn, méjì péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn. Wọ́n á kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára ẹ̀rọ, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún, iye tó lè kó pa mọ́ nìyẹn, kì í ṣe iye etí tó ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìyá wa ò ní wá kọrin ní méjì méjì. Iye ihò máìkì tó lè ṣiṣẹ́ pa pọ̀ ni kí èmi máa wò, ìyókù ò kàn mí.

Tó o bá ti fi ìyẹn sẹ́ ẹ, ohun tó kù ò pọ̀ mọ́. TASCAM DP-24SD wà, ó ń gba mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, Zoom R20 náà wà, mẹ́jọ ni, ó sì ní ojú tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀ bíi ti fóònù, àmọ́ àwọn méjèèjì, iná ògiri ni wọ́n ń fẹ́, kò síbi tí wọ́n ń ki bátìrì sí. Ìwọ náà mọ iná ilé Màámi. Tí wọ́n bá mú un lọ láàárín orin ńkọ́? Kí n wá tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé kí n máa gba ohùn ẹ̀ mọ́ ti Màámi? Mi ò lè ṣe é. Zoom H6 ń lo bátìrì mẹ́rin, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní ihò máìkì mẹ́rin pẹ̀lú máìkì méjì tó wà lórí ẹ̀, mẹ́fà nìyẹn, tó bá jẹ́ ọjọ́ kan yẹn nìkan ni, òun ni mi ò bá rà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an ni Zoom R16, àbí R24 tó bá jẹ́ òun lo rí. Àwọn méjèèjì ń gba mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì AA mẹ́fà ni, wọ́n sì ní àwọn nǹkan tó ṣeé tì sókè tì sísàlẹ̀ fún tíráàkì kọ̀ọ̀kan, tí mo bá dé ilé mo lè jókòó sí i kí n ṣètò gbogbo ẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. O mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù mi ti di àgbà.

Mo ti ṣírò káàdì ẹ̀ náà. Tíráàkì mẹ́jọ ní 24-bit, 44.1kHz, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe máa dára tó, wákàtí kan ò ju nǹkan bíi 3.8GB lọ, R16 sì ń gba káàdì SD tó tó 32GB, wọ́n lè kọrin látàárọ̀ dọ̀sán kó má tíì kún. Bátìrì ló máa ń jẹ o, gbogbo àwọn tó ń lò ó ló sọ bẹ́ẹ̀, torí náà èyí tó ṣeé chájì ni máa lò, NiMH, pẹ̀lú ìrọ́pò, kí n má gbàgbé láti sọ fún ẹ̀rọ náà pé NiMH ni mo ki sínú ẹ̀, tí kò bá mọ̀ á máa parọ́ iye tó kù nínú bátìrì fún mi. Bátìrì tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọba níbí, òmíràn ò ní jẹ́ kó o gba orin kan tán.

Àwọn kan ní kí ló dé tí mi ò lo fóònù. Fóònù á gbà á, á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, tí agogo bá bo ohùn Màámi mọ́lẹ̀ a ò ní rí ọ̀nà yọ wọ́n kúrò lára ara wọn. Ohùn tó ti ń rẹlẹ̀ báyìí, ó gbọ́dọ̀ ní ojú tiẹ̀, kí n lè gbé e sókè lẹ́yìn ọ̀la.

Máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ yá, irú SM58, wọn ò fẹ́ iná 48 fóòltì tí àwọn máìkì míì ń fẹ́, ẹ̀yìn wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, mo máa kọ ẹ̀yìn ti Màámi sí agogo. Ọ̀kan fún Màámi, méjì fáwọn elégbè, ọ̀kan fún agogo, ọ̀kan fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tí máìkì bá jìnnà sí ẹnu ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí èyí tó kàn jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn kan náà á wọ méjèèjì, á wá dún bí ohùn inú àgbá. Mi ò ní jẹ́ kó dún sókè jù, àárín -12 dB, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tó, ni kí òkè ẹ̀ mọ, torí o mọ Màámi, tí orin bá wọ̀ wọ́n lára wọn ò ní rántí máìkì, ẹ̀rọ ayé òde òní tí ohùn bá ti fọ́ sínú ẹ̀ kò sí àtúnṣe. Màá ta aṣọ òkè wọn àti kúbùsù sára ògiri. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la máa ṣe é, kí àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó dìde, kì í sì í ṣe àsìkò òjò, páànù orí ilé yẹn ò ní gbà fún wa. Bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ oṣù Kejìlá kí ọyẹ́ tó dé gan-an, torí ọyẹ́ náà ń gbẹ ọ̀fun.

Nísinsìnyí, ìwọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Ti tuntun ò sí lágbára mi, àmọ́ mo rí i pé àwọn R16 tòkunbọ̀ máa ń jáde lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bá mi wá ọ̀kan. Màá fi owó ránṣẹ́ sáwọn Àǹtí yín l'Óndó bí a ṣe máa ń ṣe é. Kó o tó sanwó, ṣí ibi bátìrì kó o wò ó bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀, ki káàdì sí i, dán ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, má gbà kí wọ́n sọ fún ẹ pé tí mẹ́fà bá ti ṣiṣẹ́ ó ti tó. Tí chájà ẹ̀ bá bá a wá, sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn ò yàtọ̀ sí tiwa, kò síṣòro.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì le láti sọ. Kásẹ́ẹ̀tì orin yẹn tó wà lọ́wọ́ ẹ. Èyí tá a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ajá bu Káyọ̀dé jẹ. Màámi máa ń dé ibì kan nínú orin kejì, wọ́n á dúró, wọ́n á kàn máa kùn ún, wọn ò sì ní sọ fún wa pé ẹsẹ̀ Màmá yín ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ nínú ẹgbẹ́. Mo ti bi gbogbo wọn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù sí, mo sì mọ ohun tó o sọ fún mi lọ́dún tí Màmá lọ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, pé o ò lè gbọ́ ọ. Mi ò ní kó o gbọ́ ọ. Tó o bá ti ra R16 náà, fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn dán an wò: wá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan yá, fi òwú àti spírítì nu ojú irin tí téèpù ń gbà kọjá, yí téèpù náà lọ dópin kó o yí i padà lẹ́ẹ̀kan torí ó ti pẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ sójú kan, tí bọ́tìnnì Dolby, èyí tó ń dín ariwo téèpù kù, bá wà níbẹ̀ pa á, torí rédíò Bọ̀dá Ṣẹ́gun tá a fi gbà á ò ní irú ẹ̀. Ki wáyà láti ihò hẹdifóònù ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí ihò méjì lára R16. Tẹ̀ ẹ́. Fi hẹdifóònù R16 sílẹ̀ lórí tábìlì, má fi sétí, iná tó ń tàn sókè sódò lójú ẹ̀ nìkan ni kó o máa wò kó má bàa pọ́n. Tó bá ń tàn, ó ń wọlé. Jẹ́ kó kọ ojú kan tán, yí i sí ojú kejì.

Lẹ́yìn náà kó o fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi lórí Google Drive, má dúró dìgbà tí ẹ̀rọ bá dé. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, má fi rán ẹnikẹ́ni, kó wà lọ́wọ́ ẹ. Màá ti kọ́ Màámi ní ẹsẹ̀ yẹn kó tó di oṣù Kejìlá, àbí kó jẹ́ àwọn ni wọ́n máa rántí gbogbo ẹ̀ ní kété tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Tó ò bá sì lè ṣe é, Bọ́lá, sọ fún mi, mi ò ní bínú, a máa kọ ọ́ bó ṣe wà.

Sísítà Fúnkẹ́ ń bọ̀ nílé fún Kérésì, ó ní òun ní àyè nínú báàgì, Birmingham ló wà, màá fi nọ́ńbà ẹ̀ ṣọwọ́ sí ẹ lórí WhatsApp lálẹ́ yìí. Jọ̀ọ́ yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ kó o tó fún un, kó o sì fi aṣọ wé e.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Tóyìn