Lẹ́tà sí Tinúkẹ́: omi pupa tí mo rí ní Utah

Salt Lake City, Utah,
Amẹ́ríkà.

Tinúkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Mo mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè lẹ́tà. Tí mo bá sọ ohun tó gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí, wàá rẹ́rìn-ín: omi iyọ̀ ni.

Ní Sátidé tó kọjá, a wa mọ́tò fún bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ sí Rozel Point, lápá àríwá adágún iyọ̀ tí wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ. Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, eruku lásán. Nígbà tí a débẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Omi náà pupa! Kì í ṣe pupa ti ẹrẹ̀ o. Ó dà bíi sóbò tí wọ́n bu omi là. Iyọ̀ ti dì funfun báláú létí omi, ó ń dún wóówóó lábẹ́ bàtà wa. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò (ìwọ náà mọ̀ mí). Ẹnu mi kò bọ̀ sípò títí a fi délé.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń pa omi náà láró. O rántí tísà wa tó ní kòkòrò kankan kò lè gbé inú iyọ̀, pé torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń fi iyọ̀ sí ẹja kó má baà bàjẹ́? Ọ̀pọ̀ ni iyọ̀ ń pa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Halobacterium, ara ẹja oníyọ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń bá a, á sì sọ ẹja náà di pupa.

Ojú irin ló jẹ́ kí àríwá ibẹ̀ níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1959, wọ́n kó òkúta dí àárín adágún náà kí rélùwéè lè gba orí ẹ̀ kọjá. Gúúsù ni àwọn odò ń ṣàn wọ̀. Àríwá kò rí omi tuntun tó, oòrùn sì ń fa èyí tó ní. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan jẹ́ bíi gíráàmù 35. Ti àríwá yìí lé ní 250.

O mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín: omi ara ẹ̀ ló ń fà jáde. Halobacterium kò jẹ́ kó rí òun gbé ṣe. Á kó iyọ̀ tiẹ̀, oní-pọ̀tásíọ̀mù, kún inú ara títí inú yóò fi le bí ìta. Òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dunaliella, ó bá ewéko tan. Gílísírìn lòun ń ṣe sára, irú èyí tí à ń fi para lọ́yẹ́! Ohun tó ń sọ epo pupa di pupa náà ló fi ń bo ara ẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Mo bu díẹ̀ sínú ìgò lọ síbi iṣẹ́, mo kán an sábẹ́ maikirosikóòpù. Àwọn kan wà tí wọ́n tín-ín-rín bí igi ìṣáná, wọ́n ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Mo wá kán omi ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n wú, wọ́n di róbótó, wọ́n sì bẹ́. Kí n tó mọ̀, ibẹ̀ ti ṣófo. Omi tí à ń mu ni o! Ó dùn mí díẹ̀, bí ẹni tó fi oúnjẹ pa àlejò.

Ìgò náà wà lójú fèrèsé báyìí, ó ku bí ìwọ̀n ìka méjì. Lánàá, ọmọ mi gbé ife omi wá, ó fẹ́ bá mi fi kún un. Ariwo tí mo pa, ó rò pé ejò ni mo rí.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sì tètè fèsì.

Èmi ni tìrẹ,
Wùmí