Sí Ọmọ Mi, Nígbà Tí Iṣẹ́ Ilé Ọlọ́run Fẹ́ Sú Ọ

Àdùkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó gbé e fún ìyá rẹ, òun náà sì kà á títí omijé fi gba ojú rẹ̀. O ní ọdún mẹ́fà nìyí tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ yín, pé nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò dárúkọ rẹ, àti pé o ti ń rò ó láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. O wá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni bí o bá fi í sílẹ̀. N kò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá ọ lóhùn, nítorí pé abẹ́ ìbéèrè rẹ ni ọ̀rọ̀ gan-an fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jọ dé.

Kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ náà dùn mí. Àwọn tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bìkítà bóyá a dúpẹ́ lọ́wọ́ òun tàbí a kò dúpẹ́, wọn kò fara balẹ̀ ka Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń parí lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, orúkọ ènìyàn tó lé ní 20 ló dá ní orí 16 nìkan, ó sì ń sọ ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Fébè tó ń ṣe ìránṣẹ́ ìjọ ní Kéńkíríà, ó dé orí Pírísílà àti Àkúílà tí wọ́n fi ọrùn ara wọn lélẹ̀ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, kò sì gbàgbé Màríà tó ṣe làálàá púpọ̀. Ó yẹ kí ìjọ mọ ọpẹ́ dá. Nítorí náà, lọ bá pásítọ̀ yín ní ìkọ̀kọ̀, kí o sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má sì jẹ́ kí ó di ohun tí o ó máa sọ lẹ́yìn wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọmọdékùnrin tó ni ìṣù àkàrà bálì márùn-ún àti ẹja kéékèèké méjì tí Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Jòhánù kọ orúkọ Áńdérù tó sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún Jésù, kò kọ ti ọmọ tó ni oúnjẹ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n yó, àjẹkù sì kún agbọ̀n méjìlá. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé ìyìn ló gbé e ró, ọjọ́ tí ìyìn bá dákẹ́ ni yóò wó, nítorí ṣekárími ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, wọ́n fi mí kún àwọn tó ń tún ilé ìsìn ṣe ní àárọ̀ Sátidé. Ibi tí ojú ń tó ni mo máa ń gbá, n ó sì tètè bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ kan, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi, mo padà lọ mú un, mo sì bá ìyá àgbà kan lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn àga. Wọ́n fi àkísà tútù wé ìka wọn, wọ́n ń nu abẹ́ etí àga, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú nígbà tí a bá fẹ́ dìde, tí ojú ẹnikẹ́ni kì í sì í dé. Bí wọ́n ti ń kúrò nídìí àga kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tó máa ń jókòó síbẹ̀, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún un ní ohùn jẹ́jẹ́. N kò lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí títí wọ́n fi dé ìdí àga tèmi, mo sì gbọ́ orúkọ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní ìfarajìn, mo sì ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí rẹ̀ tí kò tó èyí tí mo rí yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìrúbọ ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ sí jù. O rántí ìtàn Dáfídì àti Aráúnà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Ọba fẹ́ rúbọ kí àjàkálẹ̀ àrùn lè dáwọ́ dúró, Aráúnà sì ní kí ó gba ilẹ̀ ìpakà òun lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó mú màlúù òun fi ṣe ẹbọ, kí ó sì fi igi tí wọ́n fi ń so wọ́n dáná. Dáfídì kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa Ọlọ́run òun, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà. A sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé ohun tó bá níye lórí ni kí a fún Ọlọ́run, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wo apá kejì rẹ̀, tí a kì í sábà yà sí: ohun tí Dáfídì kọ̀ ni pé kí ẹlòmíràn máa san owó ẹbọ tí òun ń rú.

Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ jẹ irú gbèsè yìí. O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ibà mú ọ lóru ọjọ́ kan tí a ní ìṣọ́ òru ní ìjọ. Èmi ni mo ń darí ètò, mo sì sọ fún ìyá rẹ pé iṣẹ́ Olúwa kò ṣeé pa tì. Nígbà tí mo dé ní ìdájí, tí ayọ̀ kún ọkàn mi pé mo fi odindi òru fún Ọlọ́run, mo bá a tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó gbé ọ lé itan, aṣọ ìnura tútù wà níwájú orí rẹ, omi inú abọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n gbé ọ kí òun lè na ẹsẹ̀. Oorun díẹ̀ ni èmi fi rúbọ ní òru yẹn, ìyá rẹ ló san èyí tó pọ̀, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ san án. Nígbà tí Jésù bá àwọn tó ń fi Kọ́bánì bojú wí, àwọn tó sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn di ọrẹ fún Ọlọ́run, irú ìwà mi yẹn ló ń bá wí. Ilé là á tí kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, kí o tó dá iṣẹ́ náà dúró tàbí kí o tó máa bá a lọ, jókòó kí o wò ó pé ta ló ń san án. Bí ó bá jẹ́ oorun rẹ, owó rẹ, fàájì rẹ tàbí iyì ara rẹ ni, san án tayọ̀tayọ̀, má ka iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àkókò ọkọ rẹ àti ti ọmọ tí Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ ni o ń kó lọ, tàbí wákàtí tí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ń sanwó rẹ̀ fún ọ, dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Èyí kò sọ pé kí á yára káwọ́ sókè o. William Carey, míṣọ́nnárì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1793, ó sì di ìparí ọdún 1800 kí ó tó ri ẹnì kìn-ín-ní tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù bọmi. Ní ọdún 1812, iná jó ilé ìtẹ̀wé wọn ní Serampore, ọ̀pọ̀ ìwé tó fi ọwọ́ kọ, tó fi ọdún púpọ̀ túmọ̀, sì di eérú. Ó jókòó, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìfaradà ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n n kì í sọ ìtàn rẹ̀ kí n má mẹ́nu ba Dorothy ìyàwó rẹ̀, tí kò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n rọ̀ títí tó fi gbà, tí ọmọ wọn Peter kú ní ọdún 1794, tí ọpọlọ rẹ̀ sì dàrú títí ó fi kú ní 1807. Àpẹẹrẹ ni ọkọ jẹ́ fún wa. Ti ìyàwó náà kò yẹ kí a sọ nù nínú rẹ̀.

Ní tìrẹ, ó dà bí ẹni pé àárẹ̀ àti ìbínú ti wọ inú ara wọn. Jẹ́tírò sọ fún Mósè, ọkọ ọmọ rẹ̀, pé yóò dá ara rẹ̀ lágara bí Mósè nìkan bá ń gbé ẹrù gbogbo ènìyàn, Mósè sì gbọ́. Wá ẹni méjì tí ẹ ó jọ máa pín kíláàsì náà ṣe, kí o sì fi oṣù kan sinmi. Má fi ìbínú kúrò. Bí o bá wá rí i lẹ́yìn náà pé àsìkò tó láti gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àlàáfíà, Olúwa kò ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ lọ́rùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Nígbà tí o bá ń fèsì, kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ ránṣẹ́ sí wa, àti ti èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ìyá rẹ àti èmi fẹ́ máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà òwúrọ̀ wa, tìrẹ ni a ó sì máa kọ́kọ́ dá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.