Ọwọ́ ta ni Àríwá Kòríà fi ń tún ìwà ara rẹ̀ ṣe?

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti rọ ìjọba wa pé kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àríwá Kòríà, nítorí pé orílẹ̀-èdè náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, kì í na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. N kò bá a jà. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń pè ní Juche dùn ún gbọ́ létí: ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìbéèrè tèmi ni pé, ọwọ́ ta ni?

Láti 1955 ni Kim Il-sung, olórí àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà, ti ń sọ̀rọ̀ Juche, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì olówó pọ́ọ́kú láti Sófíẹ́tì, ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà ń darí nígbà náà, ló ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí Sófíẹ́tì tú ká ní 1991, ẹ̀rọ dákẹ́, ajílẹ̀ wọ́n, ìjọba sì ń polongo pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí aráàlú máa jẹun. Gíráàmù 700 ọkà tí ìjọba ń pín fún òṣìṣẹ́ lójúmọ́ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí tí ọ̀pọ̀ ìlú kò fi rí nǹkan kan gbà mọ́. Ní 1995, lẹ́yìn omíyalé ńlá, ìjọba tí kì í na ọwọ́ yìí bẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún oúnjẹ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ebi pa kú.

Àwọn obìnrin ló dìde. Nígbà náà, dandan ni kí ọkùnrin lọ jókòó sí ilé iṣẹ́ láràárọ̀, bí kò tilẹ̀ sí iná, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì lè ra ìrẹsì kílò kan. Ìyàwó ilé ló ráyè yọ́ jáde. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ìkòkò ìdáná wọn, wọ́n ń ṣe wàrà sóyà tà. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń tẹ́ ọjà sí, bí wọ́n bá sì ti rí ọlọ́pàá, wọn á ká a, wọn á fò sá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní ọjà tata. Nígbà tí apá ìjọba kò ká a mọ́, ó fọwọ́ sí ọjà ní 2003. Àmọ́ ní ìparí oṣù Kọkànlá 2009, ó pààrọ̀ owó lójijì, ó sì fi gbèdéke sí iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè mú wá, bẹ́ẹ̀ ni èrè ọ̀pọ̀ ọdún di bébà lásán lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Àwa tí a tò sẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní 2023 mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ péré.

Bí obìnrin náà bá ti ọjà dé, àwòrán Kim Il-sung àti ti ọmọ rẹ̀, Kim Jong-il, wà lára ògiri tí kò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn kọ́, aṣọ tó sì fi ń nù wọ́n kò gbọdọ̀ kan ohun mìíràn. Ìyá àdúgbò kan tó jẹ́ olórí inminban, ìyẹn ẹgbẹ́ ilé bíi 20 sí 40, yóò wọlé wá wò ó bóyá eruku bò wọ́n, àti bóyá àlejò sùn síbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀. Níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀, dandan ni kí obìnrin ọlọ́jà náà jẹ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀, kí ó sì fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn. Àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ ròyìn bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe máa ń jọ ṣàdéhùn ohun tí wọn yóò sọ ṣáájú ìpàdé: ìwọ sọ pé mo pẹ́ dé, èmi á sọ pé o kò gbálẹ̀ dáadáa, ká lè tètè padà sídìí ọjà wa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn