Ẹ jẹ́ ká dáwó jọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gbogbo ọmọ ìlú wa tó ń gbé Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n kọ ìwé yìí sí yín, kí ẹni tí kò ráyè wá sí ìpàdé tó kọjá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́.

Láti ìgbà tí ẹ̀ka Èkó ti wà, ọmọ iléèwé la máa ń dáwó fún. A ti san owó WAEC, a ti san owó JAMB, a ti ra ìwé. Ó dára, a ò sì ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá owó ọ̀hún? Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí ni. Iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn, a ò sì ní ètò kankan fún wọn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ wo Ṣómólú. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sọ àdúgbò yẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àwọn ọmọ ìlú wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Kord láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ ọ̀nà Èkó. Bó bá fọwọ́ ra bébà lásán, ó ti mọ̀ bóyá 80 gíráàmù ni tàbí 100. Bí pupa bá fẹ́ pọ̀ jù lára kàlẹ́ńdà, á ti dá ẹ̀rọ dúró kí oníbàárà tó fura. Àmọ́ lóde òní, orí fóònù ni oníbàárà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i nínú CorelDRAW, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń bá a ṣe é, èrè rẹ̀ sì ń bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá ẹ̀gbọ́n wa ra ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n wa máa lọ sílé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ohun tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ju oṣù díẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà lọ.

Bó bá sì jáde wá iṣẹ́, ẹ̀yin náà ti rí ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó: ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń ṣiṣẹ́ títí tó fi pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tó fi lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́; òfin ọdún 2022 tiẹ̀ sún ti olùkọ́ sí 65. Ta ló wá sọ pé ẹni ọdún 52 ti gbó?

Ẹnìkan lè ní ṣebí wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì. Púpọ̀ wọn ò ní. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá 8, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló kàn ní dandan. Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ẹlẹ́ni márùn-ún ńkọ́? Ilé ìránṣọ ńkọ́? Ètò owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní 2019 wà lóòótọ́, àmọ́ kí ni ẹni tí kò níṣẹ́ fẹ́ máa dá sí i?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, fún oṣù mẹ́rin, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú yóò di ibi ìkọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ ìtẹ̀wé ní Yaba Tech ti gbà láti kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mẹkáníìkì wa yóò kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo àìsàn mọ́tò. Àwọn ìyá wa tó ń ránṣọ àti àwọn tó ń se oúnjẹ òde yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù polówó ọjà. A ti kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má jágbe mọ́ àgbà, kí wọ́n sì má kánjú. Awò ojú wà nínú ìnáwó, nítorí ẹlòmíràn á ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ pé lẹ́tà ni ojú rẹ̀ kò rí. Owó ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú náà wà níbẹ̀.

A ń bẹ yín kí ẹnìkọ̀ọ̀kan dá ₦5,000. Ẹni tí Ọlọ́run bá ràn lọ́wọ́, kó fi kún un. Òun la fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìkẹjà, kí a fi ra epo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́, ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ju owó lọ. Tí wọ́n bá kọ́ṣẹ́ tán, ẹ dán ẹnìkan péré wò fún oṣù kan, kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe é bí ẹní ń ṣàánú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí owó wọlé kí oṣù Keje tó parí. Akápò yóò fún oníkálukú ní rìsíìtì, a ó sì ka ìnáwó síta ní ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ kó pè mí ní ìkọ̀kọ̀. A ò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án la ó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀ka Èkó