Ta ni yóò san owó bọ́ńpà? Ìbéèrè yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ lójú pópó

Ẹ̀yin Olóòtú,

Bí dànfó bá fara họ mọ́tò aládàáni ní Oṣòdì tàbí Ìyànà-Ìpájà, ohun tí onímọ́tò kejì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó sáré bọ́ sílẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, kó sì fa kọ́kọ́rọ́ dànfó yọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìjà. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí ẹni yìí bá fi lè lọ, owó bọ́ńpà òun ti wọgbó. Dẹ́rẹ́bà náà mọ̀ pé mọ́tò kì í ṣe tòun, pé owó tí òun máa jẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kò tíì pé, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì sì ti jẹ nínú èyí tó wà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń fà yọ yìí gan-an léwu ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára tó fi ń ran búréèkì lọ́wọ́ kì í ju ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ; lẹ́yìn ìyẹn, búréèkì á gan mọ́ni lẹ́sẹ̀. Sitiárìn á wúwo, bí kọ́kọ́rọ́ bá sì ti jáde pátápátá, ó lè há síbi tó kọjú sí. Ẹ wá fojú inú wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá, tí èrò kún inú rẹ̀.

Èyí tó tún burú ni ti ẹni tí wọ́n já wọlé síwájú rẹ̀, tó wá sáré yọ sí ẹni náà níwájú, tó tẹ búréèkì lójijì kó lè fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, mọ́tò ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí iná ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ tó dé orí búréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀kan àbọ̀ ti lọ, ìyẹn mítà 22 sí 33 tí búréèkì kò tíì mú rárá. Ti tírélà tó ru sìmẹ́ńtì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ ni búréèkì rẹ̀ ń lò, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yẹn tó dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tí ẹ ń bá bínú lè ríbi yà sí; tírélà tó wà lẹ́yìn yín kò ní rí.

Bí mọ́tò bá ti kan ara wọn tí ẹnikẹ́ni kò farapa, fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ya fọ́tò kan láti òkèèrè tí yóò mú nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì àti ìlà ojú títì pọ̀, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti kanra gan-an, ọ̀kan fún táyà iwájú, torí ibi tí táyà kọjú sí ló ń sọ ẹni tó ń yà. Ẹ ya láísẹ́ńsì àti ìwé ìnṣọ́ránsì ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sétí ọ̀nà, kíá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń pe agbèrò wá dá sí ọ̀rọ̀, agbèrò kì í sì í dá ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ wíìlì sípánà ni ẹnì kejì fà yọ, ẹ má bọ́ sílẹ̀ rárá. Ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bó bá ń tẹ̀ lé yín, ẹ má mú un dé ilé. Àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé epo tí èrò wà ni kí ẹ forí lé. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè; 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC.

Owó tí à ń torí rẹ̀ fọ́ ara wa lórí yìí, ìnṣọ́ránsì third party ló yẹ kó san án. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ti sọ ọ́ di 15,000 náírà lọ́dún fún mọ́tò aládàáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí ohun ìní ẹni tí ẹ bá gbá. Kò ní tún mọ́tò tiyín ṣe o, kò sì ní san dígí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń béèrè ìwé náà lójú pópó, ló bá di pé torí ọlọ́pàá nìkan ni ọ̀pọ̀ ṣe ń gbé e kiri. Ayédèrú tún pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sórí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, bí kò bá jáde níbẹ̀, bébà lásán ló wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín sí àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kí wọ́n bi wọ́n ní iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tí oníbàárà wọn gbá, àti àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó san án. Kí ẹ sì tẹ èsì iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Àwa olùkọ́ awakọ̀ kan,
Agége, Èkó.