Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ilé Kubwa

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Nígbà tó o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń ro tó, tó, tó sínú abọ́ lẹ́yìn ẹ. Ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ sì kú òjò. O ní káfíńtà kan ti ṣèlérí pé òun máa wá gun òrùlé lọ́la. Mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kó gùn ún. Oṣù kẹsàn-án la wà yìí, òjò ò tíì ṣe tán. Sún bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, gbé abọ́ sí i, kó o wá gun orí àga, kó o fi báírò yí ibi tí omi ti rin sílìn ká. Kọ déètì ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí òjò mìíràn bá rọ̀ tí ojú ibẹ̀ sì fẹ̀ sí i, yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí òrùlé yẹn ń fẹ́ báyìí.

Mo mọ̀ pé wàá ní Màmá tún ti dé. Lọ́dún 1998, òrùlé wa ní Sabon Tasha ní Kàdúná níbí ń jò lókè yàrá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ. Bàbá ẹ ti rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin. Mo pe káfíńtà nínú oṣù kẹjọ, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, páànù ṣì tutù. Ó gùn ún, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀. Ọlọ́run ló kó o yọ, ó rí igi dì mú. Ṣùgbọ́n kó tó rí igi náà, ó ti tẹ páànù mẹ́ta wọlé. Ihò kan la ní láàárọ̀, nígbà tó fi máa di alẹ́, a ti ní mẹ́rin. Nígbà tí bàbá ẹ dé, kò bá mi jà. Ó gbé àga síta, ó jókòó, ó wo òkè títí, ó wá ní, "Ìyá Délé, iṣẹ́ ọyẹ́ lo lọ ń ṣe nínú òjò."

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn. Lókè Ọya níbí, nǹkan mẹ́ta ló ń bá ilé jà, wọn kì í sì í wá pọ̀. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: damina ni òjò, hunturu ni ọyẹ́, bazara ni ooru tó máa ń ṣáájú òjò. Èyí tó bá ba nǹkan jẹ́, ìgbà tó bá ti lọ ni wàá tún un ṣe, kó tó padà wá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ìyá kan wà ní Sàríà tí mo máa ń ra irú lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn Hausa ń pè é ní daddawa. Mo rí i pé kì í da èèpo irúgbá nù lẹ́yìn tó bá ti yọ èso ẹ̀ tán, ó máa ń kó o jọ sínú àpò. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní àwọn tó ń kọ́ ilé alámọ̀ ló ń rà á, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sómi, omi ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní makuba, òun ni wọ́n fi ń po amọ̀ tí wọ́n á fi rẹ́ ara ògiri kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Inú bazara ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, kí ìkùukùu kankan tó yọ. Ilé alámọ̀ nìyẹn o, ó sì ń pẹ́ ju ilé bíríkì ẹlòmíràn lọ.

Ó dáa, jẹ́ ká padà sí Kubwa. Òjò Àbújá máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá. Má kánjú pe ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí ògiri fa omi ara ẹ̀ gbẹ. Nígbà tó bá di àárín oṣù kọkànlá, pe káfíńtà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kọ́kọ́ gun orí páànù. Ní ọ̀sán gangan, kó gba inú sílìn wọlé, kẹ́ ẹ pa iná, kó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú ẹ̀ mọ́ òkùnkùn. Ihò tó bá wà níbẹ̀ á máa tàn bí ìràwọ̀. Kó má retí pé òkè ibi tó o fi báírò yí ká gan-an ni ihò náà wà. Omi máa ń wọlé lókè, á rìn lára igi wá sísàlẹ̀, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ló ti máa já bọ́. Apá òkè ni kó máa wò.

Lọ́pọ̀ ìgbà, orí ìṣó ni. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan máa ń wà lábẹ́ orí ìṣó páànù. Oòrùn ọdún mẹ́wàá ti jẹ ẹ́ tán, ó ti le gbagidi, bó o bá fọwọ́ kàn án, á rún bíi bisikíìtì. Kí wọ́n yọ ìṣó náà, kí wọ́n fi èyí tó sanra jù ú lọ sí i pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Bó bá ní òun kàn fẹ́ da ọ̀dà dúdú lé e lórí, sọ fún un pé o ṣeun, kó máa lọ. Ọ̀dà yẹn á dára títí di oṣù kẹta, ooru á wá là á bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Òjò tó bá tẹ̀ lé e, ìwọ àti abọ́ ẹ tún di ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀. Igi máa ń mu omi nígbà òjò, á sì wú. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi, bí oṣù keje bá ti wọlé, èjìká ni mo fi ń tì í. Lọ́dún kan inú bí mi, mo ní kí wọ́n fá a. Wọ́n fá a, ó ń lọ geere, mo ń dúpẹ́. Nígbà tó di oṣù kìíní tí ọyẹ́ fa gbogbo omi inú igi náà, ọwọ́ mi ń wọ abẹ́ ẹ̀ láì kan nǹkan kan. Eku ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó san owó ilé. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn náà sì ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù, kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń fi àyè gba eku. Akísà ni mo fi ń dí ibẹ̀ títí di òní. Bí ilẹ̀kùn bá há nígbà òjò, fi àbẹ́là pa etí ẹ̀, kó o ní sùúrù fún un.

Bó o bá fẹ́ kun ilé, ìparí oṣù kọkànlá dáa, kí eruku tó pọ̀ débi tó fi máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Bíríkìlà tó bá rẹ́ ògiri nínú ọyẹ́ tó sì kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ ilé, iṣẹ́ ò tíì parí: afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á fa omi inú sìmẹ́ǹtì kó tó ráyè le, ògiri á sán. Omi ni kẹ́ ẹ máa wọ́n sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Sólà tí ọkọ ẹ gbé sókè, kẹ́ ẹ máa nù ún ní ìdájí, kì í ṣe lọ́sàn-án tó ti gbóná. Koríko ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, ẹ ro ó kí àwọn tó ń dáná sungbó tó bá yín ro ó.

Ooru ni èmi bẹ̀rù jù, nítorí pé òun ni kì í pariwo. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní ti ilé, kì í ṣe òwe rárá. Aláǹgbá á wọ ibẹ̀, àkéekèé á tẹ̀ lé e, inú oṣù kẹta sí ìkẹrin sì ni mo máa ń pa àkéekèé jù nínú ilé yìí. Gbogbo ibi tí ọyẹ́ bá ti sán, dí i kí oṣù kejì tó parí. Wo ìdí ògiri àti ara igi férémù, bó o bá rí ọ̀nà amọ̀ tín-ínrín tó ń gòkè, ikán ni. Má kàn gbá a dànù, wá oògùn sí i.

Má sì ti gbogbo fèrèsé pa nítorí eruku. Lọ́dún 1996 tí yírùnyírùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau jà lókè Ọya níbí, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ohun tí wọ́n ń kéde fún wa ni pé kí èèyàn má há sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, eruku ti dí gbogbo ojú ẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́. Gbin dóńgóyárò kan sí apá ìwọ̀-oòrùn, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, torí ògiri apá ibẹ̀ ló ń gbóná mọ́jú. Ewé ẹ̀ á dààmú gọ́tà ẹ, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Kànga tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ ńkọ́? Ẹ má gbẹ́ ẹ báyìí. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga nínú oṣù kẹsàn-án, kíá ló máa kan omi, á sì máa yọ̀. Alábàágbé wa kan ṣe bẹ́ẹ̀, oṣù kejì ni kànga ẹ̀ gbẹ táútáú, tó ń ra omi lọ́wọ́ mairuwa. Ìparí oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ti sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Omi tẹ́ ẹ bá bá nígbà yẹn, kò ní já yín sílẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló máa ń ṣáájú ẹ̀, ó sì ń ká páànù. Kó tó dé, kẹ́ ẹ ti kó gọ́tà. Ẹ ò ní sọ pé àkókò òjò ńlá ò tíì tó. Mókwà tí a máa ń kọjá tá a bá ń lọ Ìlọrin, ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni omi ya wọ̀ ọ́ lóru, ó pa èèyàn tó lé ní 150. Nígbà tí mo wá fún ìsọmọlórúkọ, mo rí i pé ẹni tó kọjú sí yín kó bíríkì dí gọ́tà kí mọ́tò ẹ̀ lè ráyè wọlé. Ẹ̀yìn yín ni omi yẹn máa gbà. Jẹ́ kí ọkọ ẹ mú ẹnìkan dání, kó lọ kí i nírọ̀lẹ́, kó sọ pé kẹ́ ẹ jọ dáwó kọnkéré tí omi á lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ má fi WhatsApp sọ ọ́ o, ìjà ló máa dà.

Ní ti owó, fi orúkọ ilé náà sínú àjọ ẹ bí ẹni pé òun náà ń jẹun. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá ẹ ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé.

Màá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rigasa ní àárín oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ wá pàdé mi ní ìdíkọ̀ Kubwa. Ẹ wá àkàbà tó dúró dáadáa sílẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun sílìn yẹn tàbí kó nu báírò ibẹ̀ kúrò kí n tó dé.

Èmi ni ìyá ẹ,
Kàdúná.